Mary Kingsley, Obìnrin tí Ó Fi Àjẹ̀ Gbá Ọ̀nì

Ìwọ tí o ń gbé ní Agége tàbí Ìkẹjà, ìró ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni ó mọ́ ọ létí jù. Bóyá inú àwòrán nìkan ni o ti rí ọ̀nì àti ẹkùn. Gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí ó bá àwọn méjèèjì pàdé.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Mary Kingsley ní ọdún 1862. Àwọn òbí rẹ̀ rán àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n wọn kò rán Mary sí ilé-ìwé. Ìwé bàbá rẹ̀ ni ó fi kọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kú ní 1892, ó gbéra wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti kó ẹja odò jọ fún mùsíọ́ọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé Kàlàbá, ó sì bá Mary Slessor ṣọ̀rẹ́.

Ní etí òkun, omi a máa kún, a sì máa fà. Bí ó bá kún, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lè gba àárín àwọn igi inú ẹrẹ̀ kọjá, kí ó dé inú ọ̀sà kékeré kan. Bí ó bá fà, ẹrẹ̀ yóò dí ọ̀nà. Ta ni yóò kù nínú ọ̀sà náà? Ìwọ àti àwọn ọ̀nì ni! Ní irú ibẹ̀ ni ọ̀nì kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ti gbé ọwọ́ lé ìdí ọkọ̀ Mary. Mary kò bẹ́ sómi. Ó sún sí iwájú kí ọkọ̀ má baà dojú dé, ó sì fi àjẹ̀ gbá ọ̀nì náà nímú. Ọ̀nì padà sínú omi. Mary wa ọkọ̀ lọ sí àárín ọ̀sà, níbi tí omi ti jìn.

Nígbà mìíràn, ìjà ẹkùn àti ajá ni ó jí i lójú oorun ní abúlé kan. Ó ju àpótí ìjókòó méjì lù wọ́n, wọ́n sì túká. Ẹkùn ba, ó fẹ́ fò mọ́ ọn. Mary gbé ìkòkò omi, ó là á mọ́ ọn lórí, ẹkùn sì sá wọgbó. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí àwọn ará abúlé tó wá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀!

Ní 1895, nínú igbó Gàbọ́ọ̀nù, ó já sínú ọ̀fìn tí àwọn ọdẹ gbẹ́ de ẹranko. Ọ̀fìn náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, igi ṣóńṣó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ti gbà á nímọ̀ràn rí pé kí ó máa wọ ṣòkòtò. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ó nípọn ni kò jẹ́ kí igi náà gún un.

Ó kọ ìwé nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní 1897. Wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ díẹ̀ nínú àwọn ẹja tí ó kó jọ. Ní 1900, ibà kọlù ú ní Gúúsù Áfíríkà níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ó bẹ̀bẹ̀ pé inú òkun ni kí wọ́n sin òun sí, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.