Korolev, Ẹni Tí Ó Ránṣẹ́ Sí Àgùàlà

Ní àwọn oṣù tí Àgùàlà bá ń yọ ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ará wa kan ní Treichville, níbí ní Abidjan, tí kò lè rí i lókè ọ̀sà. Ajá oṣù ni àwọn baba wa ń pè é. Ṣùgbọ́n ayé kan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa, òun ni ó sì ń súnmọ́ wa jù nínú àwọn ayé tí ń yí oòrùn ká. Ìtàn ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ìlú Zhytomyr, ní ilẹ̀ Ukraine, ni a ti bí Sergei Korolev ní ọdún 1907. Ó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Moscow, ó sì di ògbógi nínú ṣíṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní 1938 ìjọba Stalin fi ẹ̀sùn èké mú un. Wọ́n lù ú, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Kolyma, níbi tí òtútù ti ń pa ènìyàn, kí ó lọ máa wa góòlù. Àìjẹun tó mú kí eyín rẹ̀ ré. Ọdún 1944 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lè sin ìjọba tí ó jẹ ẹ́ níyà, ṣùgbọ́n ó sìn ín. Òun ni ó gbé Sputnik lọ sókè ní 1957, òun náà ni ó rán Gagarin ní 1961. Síbẹ̀ wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún aráyé.

Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára àwọn ayé jíjìnnà. Ní oṣù kẹwàá 1960, nígbà tí òmìnira Côte d'Ivoire kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí àsíá Nàìjíríà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, ó rán ẹ̀rọ méjì sí Mars. Méjèèjì kùnà kí wọ́n tó lè yí ayé wa po. Venera 1 kọrí sí Àgùàlà ní oṣù kejì 1961. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kejìlá 1962, Mariner 2 ti Amẹ́ríkà kọjá lẹ́bàá Àgùàlà, ó sì fi ìròhìn ránṣẹ́ wálé. Ó dájú pé èyí dun Korolev.

Venera 3 gbéra ní oṣù kọkànlá 1965. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní 1966, Korolev kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ẹni ọdún 59. Ìgbà náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi eérú rẹ̀ sínú ògiri Kremlin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, Venera 3 já lu Àgùàlà. Ohùn rẹ̀ ti dákẹ́ kí ó tó débẹ̀. Àwọn ènìyàn Babakin, tí Korolev fúnra rẹ̀ ti fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní 1965, ni wọ́n rán Venera 7, èyí tí ó sọ̀kalẹ̀ ní oṣù kejìlá 1970 tí ó sì fọhùn láti ilẹ̀ Àgùàlà fún ìṣẹ́jú 23.