Twort àti Kòkòrò Àrùn Màlúù

Ta ló mọ Frederick Twort nínú yín? Ọdún 1877 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn kan wà tó ń mú màlúù yàgbẹ́ gbuuru títí á fi rù kan egungun, á sì kú. Johne, ará Jámánì, rí kòkòrò rẹ̀ nínú ìfun màlúù ní 1895, àmọ́ ó rò pé ti ikọ́ ife ni. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín nínú ìgò, pàbó ló ń já sí.

Twort ní bóyá oúnjẹ kan ni kò lè sè fúnra rẹ̀. Ó wá kòkòrò kan tó jọ ọ́, tó ń gbé lára koríko, ó pa á, ó pò ó mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ní 1910, ó hù! Twort kú ní 1950. Johne ni wọ́n ṣì fi ń pe àrùn náà o. Èmi ò gbà.