John Snow: Dókítà tí kì í gbójú kúrò lára ẹni tó fún lóògùn oorun

Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ń rọbí ọmọ rẹ̀ kẹjọ lọ́jọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1853, Dókítà John Snow ni wọ́n ránṣẹ́ pè sí ààfin. Ó da oògùn chloroform díẹ̀ sórí aṣọ ìnujú, ó sì ń gbé e sí ayaba nímú bí ìrọbí ṣe ń mú un. Ìṣẹ́jú 53 ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrora náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ayaba kò sùn lọ.

Ọmọ mẹ̀kúnnù ni Snow. Ìlú York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 1813. Alágbàṣe ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan ní Newcastle. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1836.

Láyé ìgbà náà, ojú aláìsàn á là kalẹ̀ ni wọn yóò fi gé e lẹ́sẹ̀. Ọdún 1846 ni wọ́n fi oògùn ether mú ènìyàn sùn ní gbangba ní Boston, l'Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà kò mọ bí wọn yóò ṣe wọ̀n ọ́n. Bí ó bá kéré, aláìsàn á ta jí lábẹ́ ọ̀bẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè má jí mọ́.

Snow ṣe ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n oògùn náà mọ́ afẹ́fẹ́. Lọ́dún 1847, ó tẹ ìwé kan jáde, ó sì pín oorun oògùn sí ìpele márùn-ún. Ní ìpele kìíní, aláìsàn ṣì mọ ibi tó wà. Ní ìkejì, iyè rẹ̀ ti ń dàrú. Ní ìkẹta, kò mọ nǹkan kan mọ́. Ní ìkẹrin, gbogbo ara rẹ̀ á dẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa mí. Ìkarùn-ún, tí ara ẹranko nìkan ló ti rí i, ni èémí ti ń fẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹnu ọ̀nà ikú nìyẹn.

Lóṣù kìíní, ọdún 1848, Hannah Greener, ọmọ ọdún 15, kú nítòsí Newcastle, níbi tí wọ́n ti fún un ní chloroform láti yọ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Snow ṣàlàyé pé oògùn náà ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí ọmọ náà fà símú. Òun fúnra rẹ̀ fún ènìyàn tó lé ní 4,000 ní chloroform. Lọ́dún 1857, ayaba tún ránṣẹ́ pè é nígbà tó ń bí àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Òun kan náà ló tọpa àrùn onígbáméjì dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1854.

Ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 1858 ni Snow kú lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọmọ ọdún 45 ni, kò sì gbéyàwó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a tẹ ìwé tó ń kọ lọ́wọ́ lórí chloroform jáde.

Lónìí, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lè mú kí ara kú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi oògùn díẹ̀ mú aláìsàn tòògbé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí i níka ń sọ bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, dókítà ṣì ń pe aláìsàn lórúkọ bóyá á dáhùn, ó sì ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ohun tí Snow fi sílẹ̀ nìyẹn: ẹni tó fi oògùn mú ènìyàn sùn, òun gan-an kò gbọdọ̀ sùn.