James Africanus Horton, Oníṣègùn Ọmọ Sàró

Nígbà tí ogun fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn ènìyàn ń sá wá sí ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni a mú lẹ́rú tí a sì tà fún àwọn olówò ẹrú etí òkun. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gbà sílẹ̀ lójú omi ni a ń kó lọ sí Sàró, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ará Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn gbé. Láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a bí James Horton sí ní ọdún 1835, ní abúlé Gloucester lẹ́bàá Freetown. Ọmọ Ìgbò ni baba rẹ̀, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó sì ń ṣe. Iṣẹ́ náà níyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a fi ń rán ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Àlùfáà kan, James Beale, ni ó rí ọgbọ́n orí rẹ̀ tí ó sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1853 ó wọ Fourah Bay láti kọ́ iṣẹ́ àlùfáà.

Ní àkókò yìí ibà ń pa àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní etí òkun wa, àwọn oníṣègùn wọn pàápàá kò sì yè é. Ilé-iṣẹ́ Ológun ní Lọ́ńdọ̀nù wá pinnu láti fi owó ìjọba kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní ìṣègùn, wọ́n sì ní kí Ìjọ C.M.S. yan àwọn tí ó yẹ. Mẹ́ta ni a yàn ní ọdún 1855: Horton, Samuel Campbell, àti William Broughton Davies tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Òtútù ilẹ̀ òyìnbó kò gba Campbell. Àìsàn dá a padà sílé, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Àwọn méjì yòókù yege ní King's College ní ọdún 1858. Horton tẹ̀síwájú lọ sí Edinburgh, ó gba oyè dókítà ní ọdún 1859, níbẹ̀ ni ó sì ti fi Africanus kún orúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mọ̀.

Ó padà wá gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ológun ní Góòlù Kóòsì, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ìbá jókòó jẹun ipò rẹ̀. Ní ọdún 1861 Horton kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ológun, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kékeré sílẹ̀ ní Freetown, kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kí a tó rán wọn lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláṣẹ bi àwọn oníṣègùn òyìnbó tí wọ́n wà ní etí òkun léèrè. Àwọn yẹn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá wọn dọ́gba, wọ́n sì tako ọ̀rọ̀ náà. Bí a ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ Ológun kò sì rán ọmọ Sàró mìíràn mọ́.

Horton kò dákẹ́. Nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1868, ó tún béèrè pé kí Fourah Bay di yunifásítì. Ní ọdún 1876 Fourah Bay so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì lè gba oyè nílé. Ti ìṣègùn ni kò ṣeé ṣe lójú rẹ̀. Ó kú ní Freetown ní October 15, 1883, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yaba sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1930, ó ti lo ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú ibojì.