Alùfáà Tí A Gba Ipò Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a rántí James Johnson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró. Ó dé Èkó ní 1874, ó sì di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́, Breadfruit. Lẹ́yìn náà C.M.S. fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ òkè ilẹ̀ Yorùbá, ó sì lọ sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn onígbàgbọ́ tí ó ní ẹrú wí gidigidi. Inú bí ọ̀pọ̀lọpọ̀, awuyewuye sì dìde. Ní 1880 a gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtìjú ńlá ni irú èyí lójú ayé. Ṣùgbọ́n Johnson kò fi ìjọ sílẹ̀. Ó padà sí Breadfruit, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀ tọkàntọkàn fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní 1900 a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́, ó sì ṣiṣẹ́ ní ẹnu Odò Ọya. Ó sùn nínú Olúwa ní 1917.

Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, kí ó ro èyí: ènìyàn lè gba ipò, kò lè gba ìpè Ọlọ́run. Kí ó mú iṣẹ́ tí ó súnmọ́ ọn ṣe.