Àìná, Ẹrú tí Ó Di Ọmọ Ààfin

Nínú ìwé-ìtàn A Little Princess (1905), Frances Hodgson Burnett sọ ti Sara, ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ó di ìránṣẹ́. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti bá Àìná, ọmọ Ẹ̀gbádò, ní ojú ayé. Ní 1848, ogun Dàhòmì pa àwọn òbí rẹ̀, ó sì di ẹrú. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes lọ́rẹ, ẹni tí ó sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, ní orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria gba ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1862, James Davies, oníṣòwò Èkó, gbé e níyàwó ní Brighton. Lẹ́yìn náà òwò ọkọ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ikọ́ ife sì pa á ní Madeira ní 1880. Ọlá ń ṣí lọ, ó ń ṣí bọ̀; síbẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ wà nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀.