Thomas Fuller

Thomas Fuller (nǹkan bí ọdún 1710 – oṣù Kejìlá ọdún 1790) jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nítorí ìṣirò orí. Wọ́n ń pè é ní Oníṣirò Virginia. Kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1724. Àwọn onímọ̀ fi ilẹ̀ abínibí rẹ̀ sí etíkun tó wà láàárín Làìbéríà àti Benin òde òní. John Fauvel àti Paulus Gerdes, tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1990, rí i bí ohun tó ṣeé ṣe pé láti ilé ló ti mú ìmọ̀ yìí bọ̀, nítorí àwọn oníṣòwò etíkun náà ti jáfáfá nínú ìṣirò orí. Iṣẹ́ oko ni ó ṣe fún ìdílé Cox nítòsí ìlú Alexandria. Ó ka irun ìrù màlúù kan, ó sì rí 2,872.

Nígbà tí ó di ẹni nǹkan bí àádọ́rin ọdún, William Hartshorne àti Samuel Coates láti Pennsylvania lọ dán an wò. Wọ́n bi í pé ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló wà nínú ọdún kan àbọ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ó dáhùn pé 47,304,000. Wọ́n tún béèrè iye tí ẹni tó ti lo ọdún 70, ọjọ́ 17 àti wákàtí 12 láyé ti lò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ó ní 2,210,500,800. Nínú ìṣirò owó ẹyọ ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀kẹ́ kan ti jẹ́ 20,000, èyí jẹ́ ọ̀kẹ́ 110,525 àti ẹgbẹ̀rin.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, tí ó ń fi gègé ṣírò tirẹ̀, ní nọ́mbà náà ti pọ̀ jù. Fuller rán an létí pé ó gbàgbé àwọn ọdún tí oṣù Kejì máa ń ní ọjọ́ 29. Mẹ́tàdínlógún irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ó kà mọ́ àádọ́rin ọdún náà. Ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 86,400, ọjọ́ 17 sì jẹ́ 1,468,800. Ẹni tó bá yọ wọ́n sílẹ̀ yóò rí 2,209,032,000 péré. Ẹrú tí kò mọ̀wé ni ó jàre.

Ìbéèrè kẹta dá lórí àgbẹ̀ tó ní abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bí abo mẹ́fà lọ́dún, tí àwọn ọmọ náà sì ń bí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Lọ́dọọdún, iye wọn ń di ìlọ́po méje. Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ó kọ́kọ́ ṣi ìbéèrè náà gbọ́ díẹ̀, kí ó tó dáhùn pé 34,588,806. Ó tọ̀nà.

Ní ọdún 1788, Dókítà Benjamin Rush ti Philadelphia kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń tako òwò ẹrú, láti fi já àwọn tó ń sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò pé ní koro. Ẹ̀rí náà wúlò fún ìjà wọn, ṣùgbọ́n kò dá Fuller sílẹ̀. Ìwé ìròyìn Columbian Centinel ti Boston kéde ikú rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1790. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, ó sì jẹ́ ohun ìní Elizabeth Cox títí ó fi kú.